Káyè Bàbá Filípì àti Àwọn Erinmi Odò Ọ̀pàrà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti bi mí títí ohun tó ṣe mí ní Parakou tí mo fi padà dé tí oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu. Àwọn kan ní ibà ni. Àwọn kan ní ọkùnrin Dàhómì kan ló já mi jù sílẹ̀. Ọlọ́run ló mọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Kò sí ọkùnrin kankan ńbẹ̀, àfi tí ẹ bá ka bàbá ẹni àádọ́rin ọdún mọ́ ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ erinmi ni. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí, n kò sì ní fi ẹ̀bi tèmi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ nípa ẹran àti ẹyẹ ní Ṣakí níbí. Lọ́jọ́ kan mo bi kíláàsì mi pé ta ló ti fojú rí ìgalà rí. Gbogbo wọn nawọ́. Inú mi dùn. Mo wá bi wọ́n pé níbo. Nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Igbó wa ń ṣófo lójú gbogbo wa, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọdún tí ohun kan lọ, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni láti máa wò ó.

Tẹréèsà, obìnrin Ṣábẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Parakou, tó sì máa ń wọ̀ sílé wa tó bá wá ọjà síbí, ló gbọ́ tí mo ń ráhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun kì í ṣe ọdẹ, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹranko tó lè rékọjá lẹ́bàá Parakou kí ẹnì kan má wá sọ fún un. Ó ní gbogbo ìlú ni ojú bàbá òun. Mo ní dandan ni kí n rí bàbá yìí, kí n kó ọgbọ́n rẹ̀ wálé. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi gígùn, mo di ẹrù. Òmìnira tiwọn àti tiwa kò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà náà. A ṣì gbà pé ohun gbogbo tó bàjẹ́ ló ṣeé tún ṣe.

*Bọ́nàrífé*

Ọ̀nà kò ní ìtàn. Eruku ni láti Ṣakí dé Ṣábẹ̀, èéfín ọkọ̀ ojú irin ni láti Ṣábẹ̀ dé Parakou, ibi tí irin náà parí sí. Kí n tó nu ojú mi tán ní ibùdókọ̀, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ti gbé àpótí mi, ó ní, "Bọ́nàrífé, Tàǹtí, bọ́nàrífé!" Mo rò pé olè ni. Mo di àpótí mú, òun náà kò fi í sílẹ̀, a sì ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́ láàárín èrò títí Tẹréèsà fi dé tó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kí àlejò níbẹ̀ nìyẹn: wọ́n á gba ẹrù rẹ kí wọ́n tó bi ọ́ lórúkọ. Faransé ni bọ́nàrífé, ẹ kú àbọ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe; Tàǹtí sì ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin, bí àǹtí tiwa. Kí a tó dé ilé wọn ní àdúgbò Albarika, Bàrìbá ti kí mi bẹ́ẹ̀, Dẹ́ǹdì ti kí mi bẹ́ẹ̀, obìnrin Fúlàní tó gbé igbá wàrà lérí náà dúró kí mi. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń yan fún yín nílé di ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò bá mi gbé.

Ní ilé, wọn kò bi mí ní nǹkan kan títí mo fi mu omi, tí mo wẹ̀, tí mo jẹun. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n iyán wọn, èyí tí àwọn Bàrìbá ń pè ní sòkúrú, fi tiwa ṣẹ̀sín. Wọ́n fi wàrà líle pupa sí ọbẹ̀ rẹ̀, wàgàsì ni wọ́n ń pè é, mo sì jẹ ẹ́ débi pé ojú tì mí. Lẹ́yìn èyí ni Bàbá Filípì jáde wá. Ó ga, ó gbẹ, ó ń fi ọ̀pá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ti kọṣẹ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Kí lẹ rí lọ́nà?"

Mo ní eruku.

"Ẹranko ńkọ́? Ẹyẹ ńkọ́?"

Mo ti sùn jálẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní mo rí lékeléke.

"Mélòó? Níbo?"

Mo ní wọ́n pọ̀ díẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kò burú, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rìn kọjá láì rí. Èmi tí mo fi ẹ̀kọ́ ẹyẹ jẹun! Mo fẹ́ràn bàbá náà lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

*Ojú ta ló rí i?*

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Filípì fi rìn lórí ojú irin, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti yẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé ìkọ̀wé, káyè lédè wọn, pé kó máa kọ ibi tó bàjẹ́ sí i. Ó ń kọ ọ́ sí iwájú ìwé. Ẹ̀yìn ìwé ló ń kọ ẹranko tó bá rí sí. Nígbà tó fẹ̀yìntì, tí kò lè rìn jìnnà mọ́, ó bẹ àwọn aráàlú pé kí wọ́n máa bá òun wò. Àwọn tó ń ṣẹ́gi, àwọn darandaran, apẹja, àwọn tó ń já ewé, gbogbo wọn ló bẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pé jọ síwájú ilé rẹ̀. Bí o bá ní ìròyìn, wàá jókòó, wàá mu omi, Bàbá á sì béèrè pé, "Ojú ta ló rí i?" Bí o bá ní aládùúgbò rẹ ló rí i, á ní kí o lọ mú un wá. Bí ojú tìrẹ bá ni, á béèrè ibi tó wà, iye wọn, bóyá ọmọ ń tẹ̀ lé wọn. Á kọ ọ́, á kà á sókè, ìwọ á sì ti ìka rẹ bọ aró, wàá tẹ̀ ẹ́ síwájú ọ̀rọ̀ rẹ. Obìnrin tó rí ọ̀kẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn ilé, ọ̀wọ̀ kan náà ni wọ́n fi gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ti ọdẹ tó rí ẹfọ̀n. Ọ̀gá gbogbo wọn ni Wọrù, ọdẹ Bàrìbá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá láti ìgbà èwe. N kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, mo ti ń rí ara mi ní Ṣakí pẹ̀lú káyè tèmi.

Lọ́jọ́ náà, erinmi ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ibú kan wà ní odò Ọ̀pàrà, níhà ìlà-oòrùn ìlú, àwọn erinmi sì ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí Bàbá Filípì. Ènìyàn mẹ́ta ló ròyìn wọn. Wọrù ní òun rí méje. Apẹja kan ní òun gbọ́ ohùn wọn ní àárọ̀. Obìnrin Fúlàní kan ní ọmọ kékeré tí òun sọ níjọ́sí ti ń dàgbà. Bàbá ń kọ ọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ṣí ìwé mìíràn hàn mí, tí àmì ìjọba wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá àwọn tó ń ṣọ́ igbó, fọrẹ́tíyè ni wọ́n ń pè é, ti ka ohun tí Bàbá kọ ránṣẹ́ sí i. Nítorí ọmọ erinmi náà, ó ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá rí wọn, wọ́n á pààlà sí ibú náà: ìbọn kò ní dún níbẹ̀ mọ́, wọn kò ní da oró sómi pẹja, oko kò sì ní dé etí rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "bí mo bá rí èyí, mo ṣe tán. Kí Ọlọ́run máa wá mú mi."

Gbogbo àwọn tó jókòó wo ilẹ̀. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

*Ní ibú Ọ̀pàrà*

Mo ní mo fẹ́ rí erinmi kí n tó padà sílé. Ohun tó tọ́ ni, àbí kò tọ́? Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mú mi lọ. Tẹréèsà ní oòrùn le. Apẹja ní ọkọ̀ òun ń jò. Ẹ mọ bí mo ṣe rí tí mo bá fẹ́ nǹkan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì mo lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà Wọrù, mo ní bí kò bá mú mi lọ, ẹsẹ̀ ni n ó fi béèrè ọ̀nà dé ibẹ̀. Ó wò mí pẹ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó ní, "Ẹ gòkè, Tàǹtí. Ẹ wá wò ó."

Nígbà tí a dé, mo rí omi pupa kan tó dákẹ́, àgbàdo tí wọ́n gbìn títí dé etí omi, àti obìnrin méjì tí wọ́n ń fọ aṣọ. Mo béèrè ibi tí àwọn erinmi wà. Wọrù fi àgbọ̀n júwe ohun tí àwọn obìnrin náà ń na aṣọ lé lórí. Mo rò pé òkúta ni. Mo súnmọ́ ọn. Egungun orí ni, ó tóbi tó àga, eyín ńlá méjèèjì ni wọ́n ti yọ lọ.

Mo jókòó sílẹ̀.

"Ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. Omi fà, wọ́n jáde sínú oko, wọ́n jẹ iṣu tán. Àwọn tó ni oko lọ pe àwọn oníbọn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọjọ́ bíi mẹ́ta ni ìbọn fi dún."

"Méjèèje?"

"Bí ó bá ku ọ̀kan, n kò rí i."

"Ẹ̀yin sì ń tẹ ìka yín síwájú méje ní Ọjọ́bọ̀ gbogbo!"

Ó kúkú jókòó tì mí. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pa àwọn erinmi náà ni wọ́n sin ìyàwó Bàbá Filípì. Bàbá kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú ó gbé káyè jáde, ohùn àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ọjọ́ náà sì ni pé, àwọn erinmi mi ńkọ́?

"Tàǹtí, ṣé ẹ ó ti òkú kan bọ ọrùn ẹni tí òkú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ní wọ́n wà. Ó jẹun lọ́jọ́ náà. Ó dáa, Ọjọ́bọ̀ kejì dé, kí ni mo fẹ́ sọ? Obìnrin Fúlàní yẹn rí i pé inú Bàbá tún bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ó fi ọmọ kan sí i láti fi dá a lára yá." Ó nu ojú rẹ̀. "Èyí tó burú jù ni pé a jẹ nínú ẹran náà. Gbogbo wa. Ẹran pọ̀, ó wọ ìlú. Kí n wá fi ẹnu tí mo fi jẹ ẹ́ sọ fún un?"

Ọmọ tí kò sí lókè eèpẹ̀ ni fọrẹ́tíyè ń bọ̀ wá wò. Àánú wọn ló pè é. Mo bínú sí Wọrù, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí lẹ́ẹ̀kan náà.

*Àlejò kì í túfọ̀*

Mo padà sílé pẹ̀lú ìpinnu pé n ó sọ fún Bàbá lọ́jọ́ náà gan-an. Tẹréèsà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ojú mi, ó sì mọ̀. Ó fà mí wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí mo kéré sí i lọ́jọ́ orí.

"Tàǹtí, mo bẹ yín. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Bí ọmọ àgbàlagbà bá kú sẹ́yìn odi, ṣé ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ló ń sáré lọ sọ? Àgbà ló ń yan ọjọ́, àgbà ló ń mú ìjókòó. Àlejò kì í túfọ̀. Àwọn àgbà máa sọ fún Papá kí Ìṣẹ́gun tó dé. Wọrù ti ṣèlérí."

Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe é nílé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú ní Kùmásì, oṣù méjì ni a fi sọ fún ìyá wa pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó wálé. Wọ́n máa ń sọ pé àlejò lójú, kò fi í ríran. Èmi rí i ní tèmi, mo sì pa ẹnu mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ẹ̀rù ló bà mí. N kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò rí ojú bàbá náà nígbà tó bá gbọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Wọrù wá, ó jókòó, ó bá Bàbá sọ̀rọ̀ òjò, ó lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ méjì yà wọlé, wọ́n jẹ iyán, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ Ajé, apẹja wá dé ìta, ó gbọ́ tí Bàbá ń kọrin nínú ilé, ó sì yí padà. A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ọjà Parakou lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, orí ọmọ wọ́ síbẹ̀. Bàbá alára ń múra. Ó ní kí Tẹréèsà lọ aṣọ òun tó dára jù. Ó ń kọ́ mi ní orúkọ tó sọ àwọn erinmi náà: èyí tí etí rẹ̀ gé, èyí tó máa ń kẹ́yìn àwọn yòókù jáde lómi. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń dáhùn, mo ń jẹ oúnjẹ rẹ̀.

*Ìṣẹ́gun*

Fọrẹ́tíyè náà dé pẹ̀lú ọkọ̀ ìjọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ọmọ Ìdàáṣà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e sínú ọkọ̀. Ó ju ọdún kan lọ tí Bàbá ti rí odò náà kẹ́yìn. Àwa yòókù kún ẹ̀yìn ọkọ̀, Wọrù, Tẹréèsà, apẹja àti èmi. Títí a fi dé etí omi ni mo ń retí pé ẹnì kan máa sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé àga fún Bàbá lábẹ́ igi. Àwọn tó ń fọ aṣọ kò sí lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ti ti egungun náà sómi. Bàbá rí àgbàdo etí omi, ó sọ fún fọrẹ́tíyè pé, "Ẹ wò ó, Mùsíyè, oko ti ń sún mọ́ wọn. Ẹ tètè dé." Ó ní kí a dákẹ́, pé wọn kì í jáde bí ariwo bá pọ̀. A dákẹ́. Oòrùn gòkè. Ẹyẹ kan wá mu omi, ó lọ. Ó ní ooru ti mú, wọ́n wà nísàlẹ̀, kí a jẹ́ kí ilẹ̀ tutù díẹ̀. A jókòó. Ọ̀gá náà wo agogo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra fa apá aṣọ rẹ̀ bò ó kí Bàbá má bàa rí i. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí oòrùn yí sí ìwọ̀, Bàbá yíjú sí wa. Ó wo Wọrù. Wọrù wo ilẹ̀. Ó wo apẹja, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kò tó ọdún méjì.

"Wọrù," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá, "ọjọ́ wo ni wọ́n kú?"

Wọrù wó lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni.

"Mo ní ọjọ́ wo?"

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Apẹja ní ó dà bíi pé ọjọ́ ọjà ni. Tẹréèsà ní lẹ́yìn ìsìnkú Màámá ni. Wọrù ní kí wọ́n tó sin ín ni. Ọjọ́bọ̀ mélòó ni káyè náà fi wà ní ṣíṣí, tí ìka aláró ń tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n kú nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀gá náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Papá, ẹ má bínú," bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní ibi tí ẹran wà ni wọ́n rán òun láti pààlà sí.

*Ogójì*

N kò lè dúró mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo di ẹrù mi, mo lọ kúnlẹ̀ láti dágbére. Bàbá wà lórí ibùsùn, aṣọ àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí n gbé káyè wá.

"Ìwọ, ọmọ mi, ọjọ́ wo lo mọ̀?"

Mo ní, "Ọjọ́ Ẹtì, Bàbá. Wọrù mú mi dé ibẹ̀. Mo mọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì."

Ó mi orí. Kò bú mi. Ì bá bú mi ì bá sàn. Ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: "Ọjọ́ Ẹtì. Obìnrin Ṣakí dé ibú. Kò rí nǹkan kan." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa erinmi láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, òun nìkan ni òótọ́.

"Ẹ̀yin rò pé òkú ló máa pa mí," ni ó wí. "Mo ti sin ìyàwó mi, mo ṣì wà láyé. Bí ẹ bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí ìkíní kú, ǹ bá ti kọ ìwé sí ìjọba nígbà tó ṣì ku mẹ́fà." Ó pa káyè náà dé. "Ó dáa. Ọjọ́ Ẹtì ni a ó ka ikú wọn sí. Ẹni tí a kò bá mọ ọjọ́ ikú rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ ka ogójì ọjọ́ rẹ̀?"

Mo sunkún láti Parakou dé Ṣábẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ ń fi búrẹ́dì gígùn bẹ̀ mí, wọn kò mọ ohun tó ṣe mí, wọn kò sì béèrè.

Mo ka ogójì náà níbí. Lọ́jọ́ tó pé, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ pé mo pe àwọn ọdẹ ìlú wa, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń ṣẹ́gi jọ sí abẹ́ igi ilé-ìwé, pé mo fẹ́ kí a jọ máa ṣọ́ ohun tó wà nínú igbó wa. Mo ṣí káyè tuntun. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ òkú fún mi, kí a tó kan alààyè, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣàánú mi. Lẹ́yìn náà ni àgbà ọdẹ kan dìde, ó dárúkọ ẹkùn, ó ní òun ló pa á, kó tó di pé wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀. Ẹlòmíràn dìde, ó dárúkọ ẹfọ̀n. Ìyá kan dárúkọ àkàlàmàgbò, pé òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí òun ti bí àbíkẹ́yìn òun. Mo ń kọ ọ́. Wọ́n ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́, oòrùn sì wọ̀ lọ́jọ́ náà kí a tó kan ẹyọ kan tó wà láàyè.